Kì í Ṣe Pé Wọn Ò Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Sìgá

Ní gáréèjì tí mo ti máa ń wọ mọ́tò láti Ìkàrẹ́ lọ sí Àkùngbá, awakọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Kí ọkọ̀ wọn tó kún, wọ́n á ti ra ẹyọ sìgá kan, wọ́n á sì fà á tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé sáyẹ́ǹsì ni mò ń kà, wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ tó o mọ̀wé, kí ló ń ṣe mí gan-an? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jáwọ́ lọ́dún yìí. Lánàá, mo rí ọmọ mi tó fi ṣọ́ọ̀kì sẹ́nu, tó ń ṣe bíi pé òun ń fẹ́ èéfín jáde, gẹ́lẹ́ bíi tèmi." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tí wọ́n fi wò mí kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, a sábà máa ń sọ pé ẹni tó ń mu sìgá ò fẹ́ jáwọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó ń lo tábà láyé tí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 750. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìyànjú 100 tí kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀, bíi 4 péré ló máa ń yọrí sí rere.

Kí ló fà á? Níkótíìnì ni. Téèyàn bá fa sìgá, kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ tó fi ń dé ọpọlọ. Níbẹ̀, ó máa ń mú kí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dópámíìnì tú jáde, ara á sì tu èèyàn. Àmọ́ ní nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì níkótíìnì náà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀, àfi tó bá rí òmíì fà. Ẹ ò rí i pé ìnira tí sìgá ọ̀sán ń wò sàn, sìgá àárọ̀ ló dá a sílẹ̀!

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi níkótíìnì. Ìpinnu tí Bọ̀ọ̀dá ṣe lálẹ́, nígbà tí ọmọ wọn ń sùn, kì í bá wọn dé gáréèjì láàárọ̀.

Ohun kejì ni pé ìyà sìgá jìnnà. Láti ọdún 1951 ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde ọdún 2004 fi hàn pé àwọn ọkùnrin tí kò jáwọ́ fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí. Ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ 30 ọdún gba bí ọdún 10 náà padà. Ẹni tó jáwọ́ ní 50 gba bíi 6. Àmọ́ ta ló ń ro ọdún 10 nígbà tí ẹyọ kan wà nítòsí? Òfin tábà ọdún 2015 ti ka títa sìgá ní ẹyọ-ẹyọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ a ṣì ń rí i rà. Owó ẹyọ kan kì í ba èèyàn lẹ́rù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí mo wá sọ fún Bọ̀ọ̀dá ni pé kí wọ́n di ìdí tó sún mọ́ wọn mú. Láàárín oṣù díẹ̀ téèyàn bá jáwọ́, ikọ́ á dín kù, mímí gúlegúle téèyàn bá ń gun òkè Ìkàrẹ́ náà á dín kù. Bí ọ̀fun bá ń fẹ́ sìgá, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan: kí wọ́n mu omi, kí wọ́n rìn yí mọ́tò ká, kí wọ́n pe ọmọ lórí fóònù. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Kí wọ́n sì rí dókítà, torí oògùn wà fún un, títí kan ṣíńgọ́ọ̀mù níkótíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá yọ ṣọ́ọ̀kì jáde látinú àpò tí wọ́n máa ń fi sìgá sí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ọjọ́ kọkànlá rèé."

Bí ẹ bá ní irú Bọ̀ọ̀dá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín bí wọ́n bá tún padà sí i. Ẹ bi wọ́n léèrè wákàtí wo ló máa ń mú wọn jù, kí ẹ sì jọ múra dè é.