Camry Ẹ̀yìn Ilé Iṣẹ́ Ọwọ́: Ó Ń Dún Dáadáa, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Yẹ Kó Padà Sójú Títì?

Gbogbo wa la mọ Camry aláwọ̀ eérú tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ọwọ́, èyí tí òbí kan fún ilé ìwé lẹ́yìn tó lọ kọlu ìdí tírélà. Ẹni tó ń wà á kò fara pa púpọ̀, a dúpẹ́. Àtìgbà tí ọkọ̀ náà ti dé, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará SS2: “Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí panẹbítà nà án, ká máa gbé e lọ síbi ìdíje.” Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, kò ní wúkọ́, kò ní rú èéfín. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àwọn òbí àti olùkọ́ máa ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ oníròyìn wa fi lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí àwa náà sì gbé téèpù ìwọ̀n dání lọ síbẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ kọ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni ara ọkọ̀. Camry yìí ni wọ́n ń pè ní Big Daddy, mọ́dẹ́lì ọdún 2002 sí 2006. Kò ní ṣáṣí lọ́tọ̀ bíi ti lọ́rì. Ara rẹ̀ gan-an ni ṣáṣí rẹ̀: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀ bí àpótí. Ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rún tó bá kọlu nǹkan, kí ibi tí èèyàn jókòó sí má baà rún. Ẹnjiníà kan ní Mercedes-Benz, Béla Barényi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1952. Ọdún 1959 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n náà ṣe jáde. Irin tó bá ti rún bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Panẹbítà lè fi iná gáàsì gbóná mọ́ ọn, kó fi òòlù nà án títí tó fi máa tọ́, kó kùn ún lọ́dà kó máa dán gbinrin. Àmọ́ agbára tó ní tẹ́lẹ̀ kọ́ ló máa ní mọ́. Tó bá tún kọlu nǹkan lọ́jọ́ mìíràn, ó lè rún wọlé bá àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti téèpù. Olùkọ́ wa fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó sì fi igi ńláńlá tì í lábẹ́ kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Àwọn ihò kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ lu sí apá ọ̀tún àti òsì ní ìwọ̀n kan náà. A wọn láti ihò iwájú lọ́tùn-ún dé ti ẹ̀yìn lósì, a tún wọn èyí tó dábùú rẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 3 gùn ju èkejì lọ! Olùkọ́ wa mi orí, ó ní, “Ọkọ̀ yìí á máa rìn bí akàn.” Kò tán síbẹ̀ o. Airbag méjèèjì ti tú jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ ti há pátápátá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á rán dáṣíbọ́ọ̀dù pa dé, wọ́n á sì tan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí iná ìkìlọ̀ má baà tàn. Ẹni tó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé airbag wà níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pín ọkọ̀ tó bá jàǹbá: A, B, S àti N. A ni kí wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀. B ni kí wọ́n fọ́ ara rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n yọ àwọn nǹkan tó dáa nínú rẹ̀ lò. S àti N ṣeé tún ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fara gbá nínú S. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, B ni mo máa fún Camry wa.

Kí la wá fẹ́ yọ lò? Ẹ́ńjìnnì ni kókó. Lítà 2.4 ni, sílíńdà mẹ́rin. Kí wẹ́dà jó férémù onítáyà kéékèèké, ká gbé ẹ́ńjìnnì lé e pẹ̀lú rédíétọ̀, bátìrì àti ike epo kékeré, ká fi wáyà bo fáànù kó má gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ká sì fa páìpù èéfín gba ojú fèrèsé jáde, torí èéfín yẹn lè pa èèyàn láìrùn sí i nímú. Àwa tó ń ka mẹkáníìkì, tó jẹ́ pé àwòrán lára ògiri la fi ń mọ ẹ́ńjìnnì, á máa rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójú wa.

Àwọn kan ní ká fi ṣe jẹnẹrétọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹ wo ìṣírò yìí, ó dùn mọ́ mi: tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan á máa tanná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá jẹ́ 3000, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 50 yìí kan náà ni iná NEPA wa fi ń lọ, tó fi ń bọ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ tó máa di ìyára náà mú gbọn-in gbọdọ̀ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀bù gbogbo á jó. Ta ló sì fẹ́ máa ra epo fún lítà 2.4 nítorí fáànù àti bọ́ọ̀bù? Mi ò fara mọ́ ọn.

Táyà ẹ̀yìn ńkọ́? Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì Camry ń yí, ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tòun ti bíárì rẹ̀, ó ti di ẹsẹ̀ ọmọlanke nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń ru omi láti ìdí bọhóòlù lọ sí ilé ìdáná họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọ́ àbí?

Ohun kan ló ń já wa láyà. Ẹnì kan ti wá béèrè bóyá ilé ìwé máa ta brain box. Irú rẹ̀ ń yá lọ́jà Araromi n’Ìbàdàn àti Ládípọ̀ l’Ékòó. Tí wọ́n bá ta á, tàbí tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ dànù, ẹ́ńjìnnì tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan yìí kò ní dáhùn mọ́. Olùkọ́ wa ti yọ orí bátìrì. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú nǹkan níbi dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́, kó sì dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90, torí airbag tí kò bá tíì tú lè bú gbàmù mọ́ ọn lójú. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá àgbà títí di ọjọ́ Ẹtì.