Pontcysyllte: Afárá Tó Gbé Odò Kọjá Lórí Odò

Ní àríwá ìlà-oòrùn Wales, afárá Pontcysyllte gbé odò àfọwọ́gbẹ́ kọjá lórí odò Dee. Odò àfọwọ́gbẹ́ ni ọ̀nà omi tí àwọn ènìyàn gbẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbòde. Níwọ̀n bí omi inú rẹ̀ kò sì ti gbọdọ̀ ṣàn lọ bí omi odò, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí sì nìyẹn tí àfonífojì fi jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ.

Àṣà àtijọ́ ni kí wọ́n fi òkúta kọ́ irú afárá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi amọ̀ tí wọ́n gún dáadáa tẹ́ inú rẹ̀ kí omi má baà jò, ṣùgbọ́n amọ̀ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri àti òpó fi gbọ́dọ̀ nípọn gan-an. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1795, Thomas Telford, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ William Jessop, ni ó bójú tó o. Dípò amọ̀, ọpọ́n irin gbọọrọ ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n fi pẹlẹbẹ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe tò pọ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ irun àgùntàn àti òjé funfun dí oríkèé wọn. Irin títẹ̀ bí ọrun, tó wà láàárín òpó kan sí èkejì, ni ó gbé ọpọ́n náà ró. Nítorí ẹrù tó fúyẹ́ yìí, òpó òkúta 18 tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí inú apá òkè wọn ṣófo, tó láti gbé omi sókè ní mítà 38, lórí afárá tó gùn ní nǹkan bíi mítà 307.

Bí ọkọ̀ bá wọ orí afárá náà, omi tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọkọ̀ ni ó ń yẹ̀ fún un, omi náà a sì tàn káàkiri ojú odò, débi pé ẹrù tí òpó ń gbé kì í pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọpọ́n náà há. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, omi tó ń tì níwájú gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ọ̀nà tí ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ ń tọ̀ sórí omi gan-an, tí omi fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí ní ọgbà irin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní, ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ a sì máa wo àfonífojì nísàlẹ̀ láìsí ìdènà.

Wọ́n ṣí afárá náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1805. Ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ ẹrù mọ́ odò àfọwọ́gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó yá, àmọ́ ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ṣì ń gba ibẹ̀, àjọ UNESCO sì fi í sára Ogún Àgbáyé ní 2009. Iyì yẹn tọ́ sí i, nítorí pé àwọn tó kọ́ ọ wá ọ̀nà láti dín ẹrù kù kí wọ́n tó ronú àtifi agbára kún òpó, ọgbọ́n náà sì ni ó jẹ́ kí afárá náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn igba ọdún ó lé.