Àwọn Alásè Ńlá àti Ilé Oúnjẹ Wọn: Láti Ìlúpéjú dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ti ọ̀wọ́n oúnjẹ, nítorí èyíinì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe ti àwọn tí í sè é, àti irú iyì tí ó tọ́ sí wọn.

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìlúpéjú tí ó sì dárúkọ Michelin, gbogbo oníṣòwò tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò rò pé táyà ni ó ń wá, wọn yóò sì nawọ́ sí ọ̀nà Ládípọ̀ fún un. Wọn kò jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe táyà ní Port Harcourt fún ọdún púpọ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 2007, gẹ́gẹ́ bí Dunlop náà ti ṣe tirẹ̀ ní Ìkẹjà níhìn-ín títí di ọdún 2008. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn alásè ilẹ̀ Faransé àti ti Ìlú Ọba sun oorun. Ní ọdún 1900 ni André àti Édouard Michelin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó ni ilé-iṣẹ́ táyà náà, tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn onímọ́tò, kí wọn lè mọ ibi tí wọn yóò ti tún mọ́tò ṣe, ibi tí wọn yóò sùn, àti ibi tí wọn yóò ti jẹun. Ọgbọ́n ọjà ni: bí mọ́tò bá ti ń rìn tó ni táyà rẹ̀ yóò máa jẹ tó. Ní ọdún 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé oúnjẹ tí oúnjẹ rẹ̀ bá dára. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìràwọ̀ náà di mẹ́ta. Ẹyọ kan túmọ̀ sí pé ó yẹ kí arìnrìn-àjò dúró níbẹ̀. Méjì, pé ó yẹ kí ó torí rẹ̀ yà kúrò ní ọ̀nà. Mẹ́ta, pé ó yẹ kí ó torí rẹ̀ nìkan gbéra ní ilé. Àwọn tí a ń rán lọ tọ́ oúnjẹ náà wò kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọn a wọlé bí oníbàárà, wọn a jẹun, wọn a san owó wọn, wọn a sì bá tiwọn lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé ọdún 2024, ní ìlú Manchester, a pe àwọn tí ó gba ìràwọ̀ ti ọdún náà ní Ìlú Ọba, a sì gbọ́ orúkọ tí kò ṣòro fún wa láti pè rárá: Adéjọkẹ́ Bákàrè. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìràwọ̀ Michelin ní Ìlú Ọba láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Ní gbogbo ayé, Mariya Russell ti Chicago ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn obìnrin dúdú tí ó ṣáájú rẹ̀.

Kàdúná ni a ti tọ́ ọ dàgbà, ní Òkè Ọya, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí ọbẹ̀ Yorùbá àti ọbẹ̀ Ìgbò ti pàdé ni ilé àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó ń kàwé ní yunifásítì ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó ń fi ọmọlanke ta ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alásè kankan. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ìsè kò kúrò ní ọkàn rẹ̀, ó sì ń ṣètò àsè alẹ́ fún àwọn tí ó bá fẹ́ sanwó wá jẹun. Ní ọdún 2019 ó wọ inú ìdíje alásè kan ní Brixton, ó sì borí. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni àyè láti ṣí ilé oúnjẹ nínú ọjà Brixton fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2020 ni ó ṣí i, ọdún àrùn Kòrónà, nígbà tí ìjọba ń ti ilé oúnjẹ gbogbo pa tí ó sì tún ń ṣí wọn. Ẹni tí ó bá ti ṣòwò rí mọ ohun tí ọkàn obìnrin náà yóò ti rí nígbà náà.

Chishuru ni ó pe ilé oúnjẹ náà, ọ̀rọ̀ Hausa tí ó ń sọ nípa ìdákẹ́rọ́rọ́ tí í bo àwọn tí ó jókòó nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn. (Ẹni tí ó bá ti bá àwọn awakọ̀ jẹ àmàlà ní tábìlì kan rí kò nílò ògbufọ̀.) Ó fi Brixton sílẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì tún un ṣí ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023 ní Great Titchfield Street, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ìràwọ̀ fi dé. Kí sì ni ó gbé síwájú àwọn Òyìnbó? Sinasir, tí í ṣe oúnjẹ ìrẹsì kíkan tí àwọn Hausa ń dín, mọ́ínmọ́ín, àti èkuru, àní èkuru tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò fẹ́ fi ẹnu kàn mọ́, tí ó bu irúgbìn elégédé lílọ̀ àti ata sí. Kò torí àlejò bọ́ aṣọ ìbílẹ̀ lára oúnjẹ náà.

Ní ọjọ́ kan náà ni ilé oúnjẹ mìíràn tí kò jìnnà sí tirẹ̀ gba ìràwọ̀ pẹ̀lú. Akoko ni orúkọ rẹ̀, ní Berners Street. Aji Akokomi ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2020, Ayọ̀ Adéyẹmí sì ni ọ̀gá alásè rẹ̀ nígbà náà.

Ìdí tí ìròyìn yìí fi wọ̀ wá lára kò ju pé a kò gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn, wá sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́. A ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí ó dé tí wọ́n sì rí i pé ènìyàn dúdú ni, nítorí ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, wọn kò gbà á sílé. Ní Èkó tiwa yìí ni! Ìlú bínú, àwọn ìwé ìròyìn kò sì dákẹ́, títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹni tí ó dàgbà ní ọdún náà lè má gbàgbọ́ pé àwọn Òyìnbó yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, kí wọn tó lè rí àga jókòó síwájú èkuru ọmọbìnrin Adúláwọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí, a kò sì fẹ́ fò ó. Kí Chishuru tó dé, ilé oúnjẹ kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ń pè ní Ikoyi, orúkọ àdúgbò wa ní Èkó. Ọdún 2017 ni a ṣí i. Iré Hassan-Odùkálẹ̀, ọmọ Èkó, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jeremy Chan ni ó dá a sílẹ̀. Chan ni ó ń sè. Ṣáínà láti Hong Kong ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Kánádà. Ó gba ìràwọ̀ kan ní ọdún 2018, ó gba èkejì ní ọdún 2022, ní òpin ọdún náà ni wọ́n sì kó lọ sí òpópónà Strand. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a fi èéfín sí pẹ̀lú akàn, àti dòdò pẹ̀lú ata rodo, wà nínú ohun tí ó mú òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn kan nínú wa ń bínú pé kí ni Chan mọ̀ nípa ata rodo. Òun fúnra rẹ̀ kò sì pe ilé rẹ̀ ní ilé oúnjẹ Nàìjíríà.

Kí ẹni tí ń bínú tó bínú jù, kí ó rántí búrẹ́dì Agége. Amos Shackleford ni orúkọ ẹni tí ó gbé irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ró ní Èkó, ọmọ Jàmáíkà ni. Ọdún 1913 ni ó dé láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ó yá, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ó sì mú ẹ̀rọ tí í tẹ ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi dán wá sí ilẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn kálẹ̀ títí ó fi dé Agége. Lónìí, ta ni ó ń pe é ní búrẹ́dì Jàmáíkà? Àlejò gbé e wá, ẹnu wa gbà á, ó di ọmọ ilé. Bí Chan bá ń kọ́ ata wa, kí a jẹ́ kí ó kọ́ ọ. Ohun tí a lè béèrè ni pé kí ìyá tí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń lo ata náà má ṣe di ẹni ìgbàgbé.

Ní ilé ńkọ́? Títí di ọdún 2024, Michelin kò tíì ṣe ìwé kankan fún ìlú kan ní Nàìjíríà, nítorí náà àwọn alásè tí ó wà ní Èkó kò lè gba ìràwọ̀ rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ sè títí. Ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ó lẹ́wà wà. Ní Victoria Island, Rẹ̀ní Fọláwiyọ̀ ṣí Nok ní ọdún 2015, nínú ọgbà tútù ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà Alára, èyí tí David Adjaye ya àwòrán ìkọ́lé rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Pierre Thiam, ọmọ Dakar, ẹni tí ó ti sọ ọkà kékeré tí àwọn ará Jos ń pè ní acha di ohun tí a ń béèrè ní New York, láti wá tò ètò oúnjẹ rẹ̀. Michael Elégbèdé pẹ̀lú wà, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ó ṣiṣẹ́ ní Eleven Madison Park tí ó ní ìràwọ̀ mẹ́ta, tí ó sì padà wálé láti dá ilé oúnjẹ tí ó pè ní Ìtàn sílẹ̀ ní Èkó.

Àwa kò rí ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Ìlúpéjú. Láti ìgbà tí Ìkẹjà àti Múṣin ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni a fi mọ àdúgbò yìí. Ilé ẹ̀rọ púpọ̀ ti di ilé ìjọsìn àti ibi ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá olóúnjẹ kò ṣí kúrò. A ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà lórí bẹ́ǹṣì ọ̀kan nínú wọn, nítòsí Coker Road, a sì ti wo iṣẹ́ rẹ̀ dáradára. Kí aago márùn-ún òwúrọ̀ tó lù, ó ti bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. Ìrù tí ó ń lò ti gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀: a sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a gún un, a fọ èèpo rẹ̀ dànù, a tún un sè, a wá bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè kan. Bí alásè Faransé bá fi ọjọ́ méjì se omi egungun, ìwé ni wọn yóò kọ nípa rẹ̀. Obìnrin yìí ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú, ó ń ro àmàlà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láìsí kókó kan nínú rẹ̀, a kò sì mọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ìwà wa sí i kò dára tó. Ẹni tí kò jẹ́ bi hòtẹ́ẹ̀lì léèrè ìdí tí omi inú ìgò fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a na owó pọ̀nmọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́ fún àwọn ìyá wa pẹ̀lú: gọ́tà tí ń ṣàn lẹ́bàá tábìlì, omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo fún ogún ènìyàn, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sí èyí tí ó jẹ́ ti àṣà nínú wọn. Ewé tútù, omi mímọ́ àti ibòji igi kan kò wọ́n ju agbára wọn lọ, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá lè ṣíwọ́ lílé wọn kiri lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kan a sọ ìtàn Adéjọkẹ́ Bákàrè fún ìyá náà, àti ti àwọn tí í wá jẹun láì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó fi ọmọrogùn lélẹ̀, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ní ẹni tí ń bá a fọ ìkòkò. A ní ó ní. Ó ní, "Ó ṣeun. Àwọn tí ẹ ń wí yẹn, bí wọ́n bá ń bọ̀ níhìn-ín, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀yin ọmọ mi, kí wọ́n tètè dé. Bí aago méjì bá ti lù, gbẹ̀gìrì ti tán."