"Ó Wù Wọ́n Ni": Ọ̀rọ̀ Tó Fara Pamọ́ Sábẹ́ Dídín Òṣìṣẹ́ Kù

Nígbà tí ìròyìn gba ìgboro lóṣù Kejìlá ọdún 2024 pé nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ ń fi Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) sílẹ̀, èsì báńkì náà fún àwọn aṣòfin ni pé òun kò lé ẹnikẹ́ni. Ó wu àwọn tó ń lọ láti gba owó kí wọ́n sì máa lọ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè pè é ní ọgbọ́n ẹnu. Lójú òfin, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ ohun tí dídín òṣìṣẹ́ kù jẹ́: kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn pátápátá, láìjẹ́ pé ó wù ú, nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Kò jalè, kò pẹ́ dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, kó sì sọ ibi tí yóò dé, fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde, àfi bí ìmọ̀ iṣẹ́ tàbí ìwà tó ṣeé gbára lé bá yọ ọ́. Kó sì sa ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò gbà dání lọ. Kó sa ipá rẹ̀ ni òfin wí o. Kò dá iye kan. Bí òṣìṣẹ́ bá wá fọwọ́ sí i pé ó wu òun, "láìjẹ́ pé ó wù ú" ti yọ kúrò nìyẹn, ó sì jọ pé abala 20 kò ní ibi tí yóò dì mú mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, CBN yìí kan náà àti ìgbìmọ̀ àwọn olórí báńkì ló pàṣẹ lóṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà Kòrónà, pé kí báńkì kankan má dá òṣìṣẹ́ dúró láìgba àṣẹ.

Ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí kí èèyàn máa lọ. Ní Jámánì, wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n ń gé, ìjọba a sì san lára owó tó dín. Kurzarbeit ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2009, òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Nídìí gàrí, iye ẹ̀gẹ́ tí obìnrin bá bó ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, agbọ̀n kálukú a fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ níbẹ̀, kò sí ìjọba tó ń san ìyókù.

Ó jọ pé ilé iṣẹ́ tó bá nírètí pé ọjà yóò tún tà yẹ kó gé wákàtí kó tó gé èèyàn, torí ẹni tó mọ ẹ̀rọ dunjú kì í yá rí. Ti ẹni tó ń palẹ̀ mọ́, bíi ilé iṣẹ́ oògùn GSK tó kéde lọ́dún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, yàtọ̀: wákàtí wo ló fẹ́ gé?

Oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà dárúkọ, kò ka àwọn ọ̀gá mọ́ wọn. Ẹ̀yin tó kàn, bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "ó wù mí" sí kí ẹ tó mú bírò.