Ajá Ọdẹ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Irọ́ Mẹ́rin Tá A Máa Ń Gbọ́

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi àgbà tó jẹ́ ọdẹ ní Ẹ̀pẹ́ sọ pé ajá òun, Tanímọ̀la, ti darúgbó, kò lè lé ọ̀yà mọ́. A mú un wá sílé wa ní Ìkòròdú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan táwọn ará àdúgbò ti ní ká lé e lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí, àti bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an.

"Ajá ọdẹ á bu èèyàn jẹ." Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ láti lé, kì í ṣe èèyàn. Òwe ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tó bá dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó mọ ohùn olówó rẹ̀. Adìẹ ló yẹ ká ṣọ́ fún un, torí ohun tó bá ń sá ló máa ń wù ú lé.

"Kò lè jókòó sójú kan." Ajá tó ti dàgbà fẹ́ràn oorun. Ká mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ti tó.

"Ẹ̀tù ìbọn ló ń fún un lágbára." Rárá o, májèlé ni! Àlùbọ́sà pàápàá ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ó sì wà nínú ọbẹ̀ wa.

"Ajá ìbílẹ̀ kì í ní dìgbòlugi." Ibí gan-an ni ewu wà. Ajá yòówù lè kó o. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Abẹ́rẹ́ ló ń dènà rẹ̀: àkọ́kọ́ nígbà tí ajá bá pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Louis Pasteur ló fún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ ní irú abẹ́rẹ́ yìí lọ́dún 1885, ọmọ náà sì yè.

Tí ajá bá bù yín jẹ, ẹ má fi epo pupa tàbí irun ajá sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà, bí egbò náà tiẹ̀ kéré.

Tanímọ̀la ti gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀. Bàbá mi fi káàdì rẹ̀ han àwọn ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀. Ìyá tó kọ́kọ́ ní ká lé e ló ń gbé ìrẹsì wá fún un báyìí. Ajá tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi darúgbó, ṣé kò yẹ kóun náà sinmi ni?