Ọ̀nà Àbùjá Sínú Fódà

Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe oníṣòwò tí ń pa àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ìbáà sì ṣe akọ̀wé ìjọ tí orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ wà níkàáwọ́ rẹ̀, yóò jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe ìwé kíkọ ni ó ń jẹ àkókò ẹni, bí kò ṣe wíwá ohun tí a ti kọ. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ ètò í ṣe yóò dá fódà ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú Documents, yóò fi ti ọdún sínú rẹ̀, yóò fi ti sáà sínú ti ọdún, yóò fi ti kíláàsì sínú ti sáà, kí ó tó wá kan èyí tí èsì ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ètò yìí dára, ó sì bójú mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé yóò máa ṣí fódà márùn-ún tẹ̀lé ara wọn nígbàkígbà tí òbí kan bá yọjú láti béèrè èsì ọmọ rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó sú u. Nígbà tí ó bá sú u tán, ńṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó fódà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú désítọ́ọ̀pù, títí ojú náà yóò fi kún fọ́fọ́, tí kò ní lè dá èsì ọdún yìí mọ̀ yàtọ̀ sí ti èṣí mọ́. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ètò tọrẹ nítorí ìrọ̀rùn, nígbà tí ọ̀nà àbùjá wà tí méjèèjì fi lè jọ gbé pọ̀.

Ọ̀nà àbùjá tí mo ń wí yìí jẹ́ fáìlì kékeré kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílóbáìtì kan sí méjì lọ, tí ohun pàtàkì inú rẹ̀ kò sì ju àdírẹ́sì ibi tí fódà gan-an wà. Ọmọdé tí ó mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀ kì í ṣe Baálẹ̀, kò sì gbé ilé Baálẹ̀ dání. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì kékeré tí fáìlì náà fi ń hàn rí sí fódà tí ó ń júwe. Kí ojú má baà tàn wá ni àwọn tí ó ṣe Windows ṣe fi ọfà kékeré kan sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀, lápá òsì. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni Windows 95 jáde, òun ni ó sì sọ ọ̀nà àbùjá di ohun tí tàgbà tèwe ń lò. Ṣùgbọ́n Apple ti fi irú rẹ̀ sínú System 7 ti Macintosh ní 1991, àwọn ará Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley sì ti fi tiwọn sínú Unix ní 1983.

Lílà rẹ̀ kò le. Ẹ lọ sí ibi tí fódà wà, kí ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àkójọ àṣẹ yóò sì yọ. Bí ó bá jẹ́ Windows 11 ni, ẹ kọ́kọ́ tẹ “Show more options” tí ó wà nísàlẹ̀; lẹ́yìn náà, ẹ gbé máòsì lọ sórí “Send to”, kí ẹ sì yan Desktop nínú èyí tí yóò ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó parí. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ẹni tí ó bá wù lè fi apá ọ̀tún máòsì di fódà náà mú, kí ó wọ́ ọ wá sí ojú désítọ́ọ̀pù, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó sì yan “Create shortcuts here” nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bi í léèrè. Apá ọ̀tún ni mo wí o. Ẹni tí ó bá fi apá òsì wọ́ ọ láìtẹ bọ́tìnì Alt mọ́lẹ̀, tí Documents àti désítọ́ọ̀pù sì wà lórí dísìkì kan náà, fódà gan-an ni yóò ṣí nípò; irú wọn ni í máa wá ohun ìní wọn kiri Documents ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọn a sì máa fura sí ọmọ ọ́fíìsì tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Orúkọ tí a bá fún àmì náà kò kan fódà rárá. Ẹ tẹ F2, kí ẹ pè é ní Èsì Sáà Kejì, fódà yóò sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá lórí kíbọ́ọ̀dù tilẹ̀ lè ṣí Properties àmì náà, kí ó tẹ lẹ́tà kan, bíi K, sí iwájú “Shortcut key”. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá ti tẹ Ctrl, Alt àti K pọ̀, fódà yóò ṣí, ìbáà jẹ́ pé ìwé tí ó ń kọ bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Lórí Macintosh, “Make Alias” ni a ń yàn. Àwọn tí ń lo Linux a sì máa kọ àṣẹ ln -s.

Bí a bá pa àmì rẹ́, kò sí ohun tí ó ṣe fódà. Bí a bá pa fódà rẹ́, àmì yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò mú wa dé mọ́. Bí a bá kàn gbé fódà láti ibì kan sí ibòmíràn lórí dísìkì kan náà, Windows a máa gbìyànjú láti tọpa rẹ̀, alias Macintosh sì mọ irú ìtọpa bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ti Linux ni kò mọ̀ ju àdírẹ́sì tí a kọ fún un lọ.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti ń dùn mí ni ti fúláàṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ yóò ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, yóò da àmì tí ó wà lójú désítọ́ọ̀pù kọ sínú rẹ̀, yóò rí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kedere, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Yóò wọ ọkọ̀ láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn láti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ìgbà tí ó bá dé iwájú olùtẹ̀wé ni yóò tó mọ̀ pé àdírẹ́sì lásán ni òun gbé dání, pé iṣẹ́ wà nílé. Àìmọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sì gbà pé ẹni tí ó kọ́ ènìyàn ní lílà ọ̀nà àbùjá láìkọ́ ọ ní èyí kò tíì kọ́ ọ dé ìdajì. Kí a tó yọ fúláàṣì, kí a wo ìwọ̀n ohun tí a dà kọ: iṣẹ́ olójú ewé 80 tí ó kún fún àwòrán kò lè jẹ́ kílóbáìtì méjì.

Àwọn oníṣẹ́ ibi pẹ̀lú mọ agbára àmì yìí. Stuxnet, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2010, tí ó ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz ní Ìránì, gba ihò kan tí ó wà nínú bí Windows ṣe ń fi àmì ọ̀nà àbùjá hàn wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tó kí ènìyàn kàn ṣí fúláàṣì wò. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Microsoft dí ihò náà. Àwọn kékeré tí ń jà káàkiri ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kò ní ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀: wọn a fi fódà inú fúláàṣì pamọ́, wọn a sì fi àmì olọ́fà tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lè jí wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọfà lára fódà tí ẹ kò fi ọwọ́ ara yín la ọ̀nà fún, ẹ má ṣe ṣí i. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo “Target” nínú Properties. Bí ẹ bá rí cmd.exe tàbí wscript.exe níbẹ̀, kòkòrò ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí antivirus yẹ fúláàṣì náà wò, kí ẹ pa àwọn àmì èké náà rẹ́, kí ẹ sì kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* sínú Command Prompt, kí ẹ fi lẹ́tà fúláàṣì yín rọ́pò E, àwọn fódà tí ó fi pamọ́ yóò sì tún hàn.