Ọtí Líle Tí A Ń Pọn Nílé: Láti Orí Buràńdì Àjàrà dé Orí Ògógóró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Òwe yìí bá iṣẹ́ ọtí líle mu wẹ́kú, nítorí pé inú ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú ni ọtí tí ó mọ́ gaara bí omi òjò ti ń kán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó mọ́ lójú ni ó mọ́ fún ikùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Òndó, ènìyàn tí ó lé ní 15 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọn a sì dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò, a rí i pé májèlé kan tí a ń pè ní methanol ni. Ní ọdún kan náà, irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Kí ni methanol? Báwo ni ó ṣe ń dé inú ọtí? Ẹni tí yóò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń pọn ọtí líle.

Bí a ti ń pọn ọ́n

Ní àwọn ilẹ̀ tí àjàrà ti ń so dáadáa, bí ilẹ̀ Faransé àti Bùlùgéríà, iṣẹ́ àtìrandíran ni buràńdì pípọn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Wọn yóò fọ́ èso àjàrà, wọn yóò sì dà á sínú àgbá. Ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, yóò máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, yóò sì máa sọ ọ́ di ethanol. Ethanol yìí ni agbára inú gbogbo ọtí. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn èyí ni wáìnì, tí ethanol inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 sí 14 nínú 100.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò gbé wáìnì náà ka iná nínú ìkòkò bàbà. Omi kì í hó àfi bí ìgbóná rẹ̀ bá dé 100 lórí ìdíwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n nǹkan bí 78 ni ethanol ti ń hó. Nítorí náà, ooru tí ń gòkè láti inú ìkòkò náà a máa ní ethanol nínú ju wáìnì fúnra rẹ̀ lọ. Ooru yìí yóò gba inú ọ̀pá tí ó la omi tútù kọjá, yóò sì di omi padà, yóò máa kán tó, tó, tó. Ní agbègbè Cognac ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sè é bẹ́ẹ̀, wọn a sì fi í pamọ́ sínú àgbá onígi fún ọdún méjì ó kéré tán.

Orúkọ ọtí wọ̀nyí ń sọ bí a ti ń ṣe wọ́n. Láti inú èdè àwọn ará Họ́láńdì ni orúkọ buràńdì ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni wáìnì tí a fi iná sun. Àwọn Lárúbáwá ń pe tiwọn ní «araq», èyí tí í ṣe òógùn. Ní Kúbà, níbi tí àwọn olórìṣà ti ń fi í bọ òrìṣà, «aguardiente» ni, èyí ni omi tí ń jó.

Ògógóró kò yàtọ̀. Dípò wáìnì, ẹmu ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀ tí ó ti kan ni a ń sè nínú dúrọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó ṣe ní Saint-Germain ní ọdún 1919 ka ọtí líle pípọn léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso. Iṣẹ́ náà sá wọ inú igbó, ohun tí a bá sì ń ṣe ní kọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ń pa ni

Yorùbá a máa sọ pé ọtí ń pa ènìyàn, ìyẹn ni pé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Iṣẹ́ ethanol nìyẹn. Ní ti methanol, ikú gan-an ni. Bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀, yóò di ásíìdì tí ó jọ oró èèrà, tí ń ba ojú àti ọpọlọ jẹ́. Kì í tètè fi ara hàn. Ẹni tí ó mu ún lè sùn kí ó jí, kí ó máa rò pé ọtí àná ni ó ṣì ń dà á láàmú.

Èèpo àjàrà a máa mú methanol díẹ̀ wá. Ti ẹmu kéré púpọ̀. Nítorí náà, bí ògógóró bá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí ni pé ẹnìkan ti da methanol ilé iṣẹ́, tí a ń lò fún ọ̀dà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mọ́ ọn kí ọtí lè pọ̀ kí èrè sì lè ga.

Àwọn kan gbà pé bí a bá da èyí tí ó kọ́kọ́ kán nù, májèlé ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dída èyí nù a máa mú òórùn burúkú kúrò, ṣùgbọ́n methanol a máa bá ọtí jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn mìíràn a máa ṣáná sí i. Iná yóò gba ethanol, yóò sì gba methanol; bí ọtí ti le tó ni iná ń sọ. Ahọ́n pàápàá kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìkòkò kì í wẹ ọtí mọ́. Ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni ó ń kó jọ. Bí a bá fi ẹ̀rọ amúǹkantutù inú ọkọ̀ ṣe ọ̀pá, òjé tí a fi jó o lè wọ inú ọtí. Bí ọ̀pá bá dí, ìkòkò lè bú gbàmù.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ẹni tí ó bá mu ọtí tí kò mọ orísun rẹ̀, tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tàbí tí èémí rẹ̀ ń yára, kí a má ṣe fi àgbo tàbí epo dá a dúró sílé. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àwọn dókítà ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ sọ methanol di oró, ẹ̀rọ sì wà tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kí a sì wá àwọn tí wọ́n jọ mu ọtí náà, bí ara wọn tilẹ̀ le.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ rántí pé òfin ibẹ̀ gbà kí ènìyàn ṣe wáìnì mu nílé, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó pọn ọtí líle láìgba ìwé àṣẹ.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní Òde-Ìrèlè, ìgò ọtí ni ó wà lẹ́yìn ohun tí àwọn kan pè ní ìbínú òrìṣà. Bí a bá tètè béèrè ohun tí aláìsàn mu, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀mí rẹ̀ má bọ́.